Bí mo ṣe wá sàréè Sultan Abdulhamid kiri Istanbul

Takisí mẹ́ta ni mo wọ̀ lọ́jọ́ Àìkú kan ṣoṣo ní Istanbul. Owó tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà lọ́wọ́ mi tó èyí tí mo fi jẹun fún ọjọ́ mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ibi tí mo ń wá kò ju ibùdókọ̀ méjì lọ sí òtẹ́ẹ̀lì tí mo dé sí. Ó ti tó oṣù mélòó kan báyìí, inú ṣì ń bí mi.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni mí, aṣọ ni mo ń tà. Laleli, àdúgbò ọjà kan ní Istanbul, ni mo ti ń kó ọjà bí ọ̀pọ̀ àwa tí a wà ní Balógun, mo sì ti lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin láìrí nǹkan kan ju ṣọ́ọ̀bù àti páálí lọ. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni mọ́ṣáláṣí wa, Shitta-Bey, ní títì Martins. Lọ́jọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1894 tí wọ́n ṣí i, Sultan ilẹ̀ Tọ́kì, Abdulhamid Kejì, rán Abdullah Quilliam, òyìnbó tó jẹ́ aṣáájú àwọn Mùsùlùmí Liverpool, wá sí Èkó kó wá ṣojú òun, ó sì fi oyè Bey dá Mohammed Shitta lọ́lá. Oníṣòwò bíi tèmi ni Shitta, owó ara rẹ̀ ló fi kọ́ mọ́ṣáláṣí náà. Láti kékeré ni a ti ń pe Bey yẹn mọ́ orúkọ rẹ̀. Mo ní mi ò ní lọ Istanbul lẹ́ẹ̀karùn-ún kí n má dé sàréè Sultan tó fi oyè náà ránṣẹ́, kí n ṣàdúà fún un.

Ọjọ́ Àìkú ni mo mú, nítorí ọjọ́ náà ni ọjà ń tì. Èyí yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀. Ìlú tí mọ́ṣáláṣí kún bámúbámú, mo rò pé Jímọ̀ ni wọn yóò máa sinmi. Kapalıçarşı fúnra rẹ̀, ọjà ńlá abẹ́ òrùlé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ lẹ́yìn tí Sultan Mehmed Kejì gba ìlú náà ní 1453, Àìkú ló ń tì. Òfin ọdún 1935 ló gbé ìsinmi lọ sí ọjọ́ yẹn.

Mo dá takisí dúró. "Sultan Abdülhamid," ni mo wí. "Tamam, abi," ni awakọ̀ fèsì. Tamam ni "ó ti yé mi". Abi ni ẹ̀gbọ́n, bí àwa náà ṣe ń pe ẹni tí a kò mọ̀ rí ní bọ̀dá. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, mo fọkàn balẹ̀. A sọdá afárá Haliç, a gba etí omi Beşiktaş, ibẹ̀ ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti gbá wa mú. Ó dà bí ẹni pé gbogbo Istanbul ló jáde wá gbatẹ́gùn létí Bosphorus. Àwa dúró, mítà kò dúró. Mò ń wo nọ́ńbà pupa yẹn bó ṣe ń gorí ara rẹ̀, àyà mi ń já.

Ẹnubodè Ààfin Yıldız ló já mi sí. Awakọ̀ náà kò purọ́: ibẹ̀ ni Abdulhamid gbé fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, kí wọ́n tó rọ̀ ọ́ lóyè ní 1909. Ṣùgbọ́n sàréè ni mò ń wá, kì í ṣe ilé.

Mo bi ẹ̀ṣọ́ kan lẹ́nu ọ̀nà. Mo fi àtẹ́wọ́ méjèèjì ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tó sùn, kó lè yé e pé ibi tí wọ́n sin ín sí ni mò ń bèèrè. Ọ̀gbẹ́ni yìí gbé àgbọ̀n sókè, ó gbójú sókè, ó sì fi ahọ́n ta "cık" sí mi. Ara mi gbóná. Nílé wa, ẹni tó bá pòṣé sí èèyàn ti tàbùkù rẹ̀. Mo tún bèèrè, ó tún ṣe é. Mo pòṣé tèmi padà, èyí tó gùn, mo sì fìbínú kúrò níwájú rẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù lọ nìyí, nítorí ọkùnrin yẹn kò bú mi. Ní Tọ́kì, tí wọ́n bá gbé orí sẹ́yìn díẹ̀, tí wọ́n sì ta ahọ́n báyẹn, "rárá" ni wọ́n ń sọ. Kò sí ìwọ̀sí kankan níbẹ̀. Ó ń dá mi lóhùn ni pé kò sí níbí. Ká ní mo mọ̀, ǹ bá fara balẹ̀ bi í léèrè ibi tó wà, owó takisí méjì yòókù ì bá sì wà lápò mi.

Ìbínú yẹn ni mo gbé wọ ìkejì. "Sultan Abdülhamid, türbe!" Türbe ni ilé tí wọ́n ń kọ́ sórí sàréè ẹni ńlá, orí fóònù ni mo ti rí ọ̀rọ̀ náà. Sultanahmet ni awakọ̀ yìí gbọ́. Ó gbé mi padà sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kan náà, ó já mi síwájú sàréè Sultan Ahmed Kìíní tó kú ní 1617, igba ọdún ó lé kí wọ́n tó bí Abdulhamid. Ìrìn ìṣẹ́jú mélòó kan ló kù níbẹ̀, mi ò mọ̀. Takisí kẹta ló gbé mi jìnnà sí i, ó di ọ̀dọ̀ Sultan Mehmed tó ṣẹ́gun ìlú náà, ní Fatih.

Ní àgbàlá mọ́ṣáláṣí Fatih, bàbá àgbà kan tó ń mu tíì rí ojú mi, ó ní kí n jókòó, ó ra ife kan fún mi. (Kò sí mílíìkì níbẹ̀, ẹ má bèèrè. Tíì yìí tí wọ́n ń mu láti òwúrọ̀ dalẹ́ kò tíì pẹ́ lọ́wọ́ wọn tó bí èèyàn ṣe lè rò. Kọfí ló gbayé láyé àwọn Sultan, kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbin tíì lọ́pọ̀ ní Rize.) Ọmọ ọmọ rẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, òun ló túmọ̀ "cık" fún mi. Òun náà ló sọ fún mi pé Abdulhamid kò ní türbe tirẹ̀: inú ti bàbá bàbá rẹ̀, Mahmud Kejì, ni wọ́n sin ín sí ní 1918. Orúkọ tí mò ń pè kiri láti àárọ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń pe ibẹ̀! Ó tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù mi: II. Mahmud Türbesi, Divanyolu. Ẹ̀yin náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú tiyín báyìí, kí ẹ fi han èèyàn dípò kí ẹ fẹnu pè é.

Mo fẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sí Aksaray, mo wọ tramvay, ọkọ̀ ojú irin inú ìgboro. Tramvay gba iwájú òtẹ́ẹ̀lì mi kọjá. Mo rí fèrèsé yàrá mi. Ní Çemberlitaş, níbi òpó Ọba Constantine tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 330, tí wọ́n fi irin dè lámùrè, mo bọ́ sílẹ̀.

Wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi níbẹ̀. Aṣọ àrán ni wọ́n fi bo àwọn pósí náà. Èmi tí mo ń ta aṣọ, mo dúró wo iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ pẹ́. Fìlà fez pupa wà lórí ti Mahmud. Òun ló ní kí àwọn ọmọ ogun àti òṣìṣẹ́ ìjọba bọ́ láwàní kí wọ́n dé fez; nígbà tó di 1925, ìjọba Atatürk, ààrẹ àkọ́kọ́ ilẹ̀ Tọ́kì, fòfin de fez náà. Mo dúró níwájú Abdulhamid, mo ka Fátíhà, mo sì sọ fún un pé mọ́ṣáláṣí náà ṣì wà, a ṣì ń kírun níbẹ̀.

Àmọ́ inú ọgbà ìta ni orí mi ti wú jù. Láti 1928 tí wọ́n ti pa ìkọ̀wé Lárúbáwá àtijọ́ tì, tí wọ́n ń fi ABD kọ èdè wọn, ọ̀pọ̀ wọn ò lè ka òkúta sàréè àwọn bàbá ńlá wọn mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró, ó ń wo ọ̀kan. Mo nàka sí ìlà òkè pátápátá, mo kà á: Huwa l-Bāqī, Òun ni Ẹni tí kì í tán. Ilé kéwú tí wọ́n ti nà mí ní Òkè Pópó ló kọ́ mi. Àárín òkúta náà jẹ́ èdè Tọ́kì, mo lè pe lẹ́tà rẹ̀, n kò mọ ìtumọ̀. Mò ń pè é, òun ń túmọ̀. Báyìí ni a jọ ka òkúta mẹ́ta. Ó bèèrè orúkọ mi, láti ìgbà yẹn ló ti ń pè mí ní Musa Bey. Òfin ti pa oyè náà rẹ́ ní 1934, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń fi í tẹ̀ lé orúkọ àbísọ ọkùnrin, bí a ṣe ń sọ "ọ̀gbẹ́ni". Mo ṣí fóònù, mo fi àwòrán mọ́ṣáláṣí Martins hàn án, mo sọ fún un iye tí Bey jẹ́ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ tiwa.

Nígbà tí mo ń lọ, mi ò wo ojú takisí kankan. Mo wo aago, mo fẹsẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá.