Bí ẹ ṣe máa mọ "run" tí òyìnbó ń sọ, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni sáré

Àbúrò mi kan wá láti Ìsẹ́yìn, ó ń bá wa gbé ní Kubwa níbí, ó ríṣẹ́ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní Wuse, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọ̀gá ẹ̀ fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí i: "We're running out of A4. Run off 20 copies first, then run to the market." Bó ṣe rí "run" lẹ́ẹ̀mẹta, ó rò pé sáré ni wọ́n ní kó sá, ló bá gbọ̀nà ọjà lọ, kọ́sítọ́mà dé, kò bá ìwé ẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀gá bínú gan-an. Ó dùn mí torí ọmọ yẹn kì í ṣọ̀lẹ, kò sẹ́ni tó là á yé e rí ni, bẹ́ẹ̀ ní Abuja yìí, àwa Yorùbá, Háúsá, Íbò, Gbagyi, òyìnbó la fi ń bára wa ṣiṣẹ́.

Bí mo ṣe kọ́ ọ nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ rántí "pa" tiwa. A ń pa ẹran, a ń pa iná, a ń pa irọ́, a ń pa àlọ́, a ń pa owó, kò sì sọ́mọ Yorùbá tó máa gbọ́ "ó pa àlọ́" kó wá máa wá òkú. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e la ń wò, a ò tiẹ̀ mọ̀ pé à ń wò ó. Bí "run" náà ṣe rí nìyẹn, àfi pé tiẹ̀ pọ̀ púpọ̀, àwọn tó ń ṣe Oxford English Dictionary ka ìtumọ̀ 645 fún un. Ẹ má há wọn sórí o.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ẹni tàbí nǹkan tó ń "run". Tó bá lẹ́sẹ̀, ó lè jẹ́ sáré. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ni. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ omi, omi ń yọ. Tó bá jẹ́ aṣọ, ó ń ṣí, ẹ má fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ funfun. Ti ọkọ̀ ló dùn mọ́ mi jù: "the train runs from Idu to Rigasa", rélùwéè Abuja sí Kàdúná tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016 nìyẹn, "ó ń ná Idu sí Rigasa" ni Yorùbá ẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ti wà lẹ́nu àwọn bàbá wa tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹ máa rí ẹni tó kàwé dáadáa tó máa ní ọkọ̀ "ń sáré láti".

Ẹ wá wo nǹkan tí wọ́n ń "run". "She runs a shop", ó ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù. "He's running for senator", ó ń du ipò sẹ́nétọ̀. "The child is running a temperature", ara ọmọ ń gbóná, ẹ tètè gbé e lọ sí ọsibítù.

Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń tẹ̀ lé e ló ń dààmú èèyàn jù, ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀. "Run out of", nǹkan ń tán. "Run into" ọ̀rẹ́ yín ní Berger, ẹ ṣe kòńgẹ́ ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ mọ́tò ló "run into" ògiri, ó kọ lù ú ni. "Run off" tó ní iye ẹ̀dà lẹ́yìn, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, tí kò bá ní nǹkan kan lẹ́yìn, ẹnì kan ti sá lọ nìyẹn. "Run down", bátìrì ti kú, tó bá jẹ́ èèyàn, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ fi Yorùbá ka gbólóhùn yẹn síta látòkèdélẹ̀. Tẹ́ẹ̀sì ọ̀gá yẹn á wá di: "A4 ti ń tán lọ. Kọ́kọ́ tẹ ẹ̀dà 20 jáde, kó o tó sáré lọ sọ́jà." Sáré kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

Ó ku "runs" tí àwa ń sọ ládùúgbò, "mo ní runs kan tí mo fẹ́ ṣe". Ẹ má sọ ọ́ fún òyìnbó o, torí tó bá gbọ́ pé ẹ ní "the runs", ìgbẹ́ gbuuru ló máa rò. "Errand" ni kẹ́ ẹ sọ fún un.