Nọ́ọ̀tì wíìlì ọkọ̀ àtijọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Mo yọ wíìlì onírin ọkọ̀ mi, mo fi alumíníọ̀mù rọ́pò rẹ̀. Nọ́ọ̀tì àtijọ́ náà ni mo fi dè é. Ó máa ń le dáadáa, àmọ́ tí mo bá wa ọkọ̀ náà díẹ̀, á tún ti dẹ̀. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wà á mọ́ títí ẹ ó fi tún un ṣe. Ẹ tú nọ́ọ̀tì kan, kí ẹ gbé ẹnu rẹ̀ (ibi tó ń kan wíìlì) wò mọ́ ihò wíìlì. Ẹnu nọ́ọ̀tì mìíràn ṣe ṣóńṣó, 60 dígírì ló wọ́pọ̀; òmíràn rí roboto; òmíràn tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì ní wásà. Bí ti nọ́ọ̀tì bá yàtọ̀ sí ti ihò, etí tín-ín-rín nìkan ló ń kan ara wọn. Ẹ ó rí òrùka kan tó ń dán nínú ihò, tí ibi yòókù ò ní àpá kankan. Etí yẹn ló ń jẹ alumíníọ̀mù lọ, tí nọ́ọ̀tì fi ń dẹ̀. Ẹ má tìtorí ẹ̀ dè é le sí i. Nọ́ọ̀tì tí ẹnu rẹ̀ bá ihò mu ni kí ẹ rà, kí ẹ sì tún ìde rẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn 80 sí 160 kìlómítà. Wíìlì tí ihò rẹ̀ bá ti jẹ, ẹ pa á tì.

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀tì tuntun tí mo rà wọlé, àmọ́ ó ń mì lórí ọ̀pá tí a ń dè é mọ́. Ṣé ó léwu?

Ìdáhùn: Ó léwu gan-an. Nọ́ọ̀tì ½-20 (ti ọ̀pá ìdajì íǹṣì, tírẹ́ẹ̀dì 20 nínú íǹṣì kan) máa ń gun ọ̀pá M12 × 1.25 (mílímítà 12 ní fífẹ̀, 1.25 láti tírẹ́ẹ̀dì kan sí èkejì), nítorí pé àlàfo tírẹ́ẹ̀dì (ìlà tó yí ọ̀pá po) wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba: 1.27 mílímítà àti 1.25. Ṣùgbọ́n ihò nọ́ọ̀tì náà tóbi ju ọ̀pá lọ, orí tírẹ́ẹ̀dì lásán ló dì mú, bí ẹ bá sì fún un pọ̀, á bọ́. Ẹ fi kalípà wọn ọ̀pá, ẹ fi géèjì wọn tírẹ́ẹ̀dì, kí ẹ tó náwó. Ẹ tún ka iye ìgbà tí ẹ yí nọ́ọ̀tì kó tó le: ó kéré tán, 10 fún ½-20, 8 fún M12 × 1.5.

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀tì apá òsì Dodge ọdún 1965 mi kọ̀, kò tú.

Ìdáhùn: Ẹ wo orí ọ̀pá bóyá lẹ́tà L wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ Dodge, Plymouth àti Chrysler ìgbà yẹn ló jẹ́ pé tírẹ́ẹ̀dì apá òsì wọn yí sódì. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ yí i sí, bí ẹni ń dè é. Tí ẹ bá ń ra tuntun, ẹ béèrè ti apá òsì lọ́tọ̀.