Bí mo ṣe fi ìtànṣán ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù wẹ omi aró

Omi tí mo fẹ́ wẹ̀ dúdú kirikiri. Aró ilé iṣẹ́ aṣọ ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn kòkòrò tíntìntín tí ń jẹ ìdọ̀tí inú omi kì í fẹ́ fẹnu kàn. Ẹ̀rọ tí ń tú ìtànṣán ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù jáde ni mo lò, oní 1 MeV (MeV ni a fi ń wọn agbára ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù).

Ìgbà àkọ́kọ́, mo bu omi náà sínú àwo gíláàsì títí ó fi jìn tó sẹ̀ǹtímítà 2. Mo gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ, mo jáde, mo ti ilẹ̀kùn, mo tan ẹ̀rọ. Nígbà tí mo wò ó láti ẹ̀gbẹ́, òkè ti mọ́ gaara, ìsàlẹ̀ ṣì dúdú bó ṣe wà. Ẹ̀bi mi ni: ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù 1 MeV kì í wọnú omi ju nǹkan bíi mìlímítà 4 lọ. Bí mo bá tan án di ọ̀la, kò ní dé ìsàlẹ̀.

Etí àwo náà sì ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo rò pé aró ló lẹ̀ mọ́ ọn. Mo fi ọṣẹ bó o, mo fi kànìnkànìn ha á, kò lọ. Àṣé gíláàsì fúnra rẹ̀ ni ìtànṣán pa láró!

Lẹ́ẹ̀kejì, mo fi pọ́ǹpù da omi náà kí ó máa ṣàn kọjá ní pẹlẹbẹ, mìlímítà 3 péré. Mo fún un ní kilogray 5 (òṣùwọ̀n agbára ìtànṣán tí nǹkan gbà sára), omi náà kò sì gbóná ju bíi ìwọ̀n kan lé díẹ̀ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kì í ṣe ooru ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Omi gan-an ni ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù ń fọ́. Hydroxyl tó jáde lára omi ló ń já kẹ́míkà aró jẹ, kí a tó ṣẹ́jú ó ti parí. Ẹ má tètè ṣílẹ̀kùn o. Ìtànṣán a máa sọ afẹ́fẹ́ yàrá di ozone tí ń ta nímú, nítorí náà mo jẹ́ kí fáànù fà á tán kí n tó wọlé. Ní ti omi, agbára 1 MeV kéré jù láti sọ ọ́ di ohun tí ń tú ìtànṣán jáde.

Omi mọ́, inú mi dùn, mo sì lọ wọn COD rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n oxygen tí yóò gbà láti jó ìdọ̀tí inú rẹ̀ tán. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀ kalẹ̀! Àwọ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n àfọ́kù kẹ́míkà ṣì kún inú rẹ̀. Kí ó tó jóná tán pátápátá, iná mànàmáná tí yóò gbà pọ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ tó wà ní Daegu, ní Kòríà, tí wọ́n kọ́ láti máa wẹ mítà onígun mẹ́ta 10,000 omi aró lójúmọ́, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2005, fi darí omi tirẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn kòkòrò lẹ́yìn ìtànṣán.

Èmi náà da tèmi sínú táǹkì wọn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti ń lo oxygen inú omi náà kíákíá ju bí mo ṣe lè fẹ́ ẹ wọlé lọ.