Bàbá ńlá tó ta ọtí ní England: irú láísẹ́ǹsì tó gbà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá

Àwa tá a fẹ́ òyìnbó, ọjọ́ táwọn ọmọ bá ní àwọn fẹ́ mọ ìdílé ìyá àwọn, kì í pẹ́ tẹ́ ẹ fi máa pàdé bàbá ńlá kan tó ní ilé ọtí láyé Victoria, torí wọ́n pọ̀ nígbà yẹn. Èèyàn á wá lọ tú ìwé láísẹ́ǹsì àwọn adájọ́ ní àkáìfù, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé àtijọ́ sí, á wá orúkọ náà títí, kò ní rí i, ó sì máa ń dùn mí tẹ́nì kan bá torí ẹ̀ pa á tì.

Ẹ wò ó, lọ́dún 1830 ìjọba ṣe òfin Beerhouse Act, pé ẹni tó bá ti ń san owó-orí ilé ládùúgbò, tó sì kó gíní méjì sílẹ̀ (ìyẹn pọ́n-ùn méjì àti ṣílè méjì) fún àwọn Excise, àwọn agbowó-orí ọjà fún ìjọba, ó lè máa ta bíà nínú ilé ara ẹ̀, kò ní kan adájọ́ rárá. Bíà ni o, kò gbọdọ̀ ta ọtí líle. Ọdún 1869 làwọn adájọ́ tó wá ń fún irú wọn ní láísẹ́ǹsì, torí náà ẹni tó ta bíà ní 1845, ibi tẹ́ ẹ ti ń wá a yẹn kọ́ ló wà.

Àwọn tó ní láísẹ́ǹsì kíkún, tí wọ́n lè ta ọtí líle pẹ̀lú, ló ń lọ síwájú adájọ́ lọ́dọọdún, ní Brewster Sessions, ìparí August sí September níbi tó pọ̀ jù, March ní Middlesex àti Surrey. Ìwé tiwọn náà lálàfo: òfin 1753 ní kí wọ́n máa tọ́jú ẹ̀, òfin 1828 fòpin sí ìyẹn, àfìgbà tí òfin 1872 tún ní kí wọ́n máa kọ rẹ́gísítà.

Láàárín 1828 sí 1872 yẹn, directory, ìyẹn ìwé tó to orúkọ àwọn oníṣòwò ìlú, ni kẹ́ ẹ gbá mú, èyí tí Pigot, White tàbí Kelly ṣe, Yunifásítì Leicester gbé púpọ̀ nínú ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wo abẹ́ ibi tí orúkọ ẹ̀ wà dáadáa. Tó bá wà lábẹ́ "Taverns & Public Houses", ẹ padà sínú ìwé adájọ́, láwọn ọdún tí wọ́n tọ́jú ẹ̀. Tó bá jẹ́ "Retailers of Beer", onílé bíà ni, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn ò tiẹ̀ ní kọ orúkọ ilé ọtí ẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ wo ìkànìyàn náà, láti 1841 lọ, àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí "blacksmith" ẹ má tíì yọ ọ́ kúrò o, alágbẹ̀dẹ tó tún ń ta bíà pọ̀, ìyàwó ẹ̀ ló sì lè máa dúró ti ọjà. Tí ọkọ bá kú, opó sábà máa ń gba láísẹ́ǹsì náà sórúkọ ara ẹ̀, ìwé ìròyìn àdúgbò á sì kọ ọ́ mọ́ àwọn tí adájọ́ yí láísẹ́ǹsì padà fún, torí náà ẹ fi orúkọ obìnrin náà wá a.

Tí nọ́ńbà ilé ládùúgbò náà bá ti yí padà, tẹ́ ẹ ò mọ ibi tí ilé náà wà mọ́, ẹ wo máàpù àtijọ́ ti Ordnance Survey, àwọn tó ń ya máàpù fún ìjọba, lórí wẹ́ẹ̀bù National Library of Scotland, ọ̀fẹ́ ni, ẹ sún un mọ́ra: P.H. ni wọ́n kọ sára ilé ọtí, B.H. sì ni ilé bíà.