Bí ẹ ṣe máa kọ ìtàn ayé ambásẹ́dọ̀ Amẹ́ríkà tí àwọn àgbà ò fi ní fi yín rẹ́rìn-ín

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Látìgbà tí mo ti ka ìtàn Thomas Pickering, ọkùnrin kan tó ti ṣe ambásẹ́dọ̀ Amẹ́ríkà rí, ní mítìn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá wa ní Kubwa ni àwọn èèyàn ti ń dá mi dúró lọ́nà pé báwo ni mo ṣe ń ṣe é, ibo ni mo ti ń rí ọ̀rọ̀ kó, torí irú iṣẹ́ yìí làwọn tíṣà ń fún àwọn ọmọ wa gbé wálé báyìí, "kọ nípa diplomat kan", ìyẹn ẹni tó ń ṣojú ìjọba rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, ni bàbá àti ìyá á bá jókòó ti fóònù títí aago mọ́kànlá òru, dátà ń lọ, iṣẹ́ ò lọ. Ó dáa, mo máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe dójú ti ara mi ná.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa kà á, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé nígbà tí Pickering fi jẹ́ ambásẹ́dọ̀ Amẹ́ríkà ní Nàìjíríà, láti 1981 sí 1983, Maitama ló ń gbé. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi o, èmi ni mo rò ó bẹ́ẹ̀, torí àwa tá a ń gbé Àbújá, tá a bá ti gbọ́ ambásẹ́dọ̀, Maitama ló ń sọ sí wa lọ́kàn. Bàbá kan tó wa mọ́tò fún àwọn òyìnbó l'Ékòó nígbà ayé Shagari wá na ọwọ́ sókè, wọ́n rọra ní, "Ọmọ mi, Maitama wo? Nígbà tí Maitama ṣì wà nínú igbó?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo wo bébà mi, mo wo bàbá, mo jókòó. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991 ni ìjọba àpapọ̀ tó kó wá sí Àbújá, Victoria Island l'Ékòó ni ẹ́ḿbásì Amẹ́ríkà wà nígbà ti Pickering, lójú títì tí wọ́n ń pè ní Eleke Crescent, èyí tó ti di Walter Carrington Crescent báyìí.

Látọjọ́ yẹn, kí n tó kọ ohunkóhun, màá mú bébà kan, màá fa ìlà sí i láàárín. Apá kan, ọdún àti ìlú tí ọkùnrin náà ti ṣiṣẹ́. Apá kejì, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílùú yẹn àti nílé wa lọ́dún kan náà. Òun nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun náà ló sì ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá kọ 1981 sí 1983 síbi kan, tẹ́ ẹ wá kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé Shagari ló wà lórí oyè, owó epo ń já wálẹ̀, wọ́n lé àwọn ará Gánà lọ ní oṣù Kìíní 1983, ẹ ti mọ irú wàhálà tó wà lórí tábìlì ambásẹ́dọ̀ yẹn láràárọ̀. Nígbà tí àwọn sójà máa fi gbàjọba lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá 1983, ó ti lọ sí El Salvador. Ẹni tí kò bá kọ ọdún sílẹ̀ á sọ pé ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe é.

Ibo lẹ ti máa rí ọdún? Ẹ má lọ gbára lé ohun tí àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà ní ẹ̀ka kan tó ń tọ́jú ìtàn, wẹ́búsáìtì wọn ni history.state.gov, ọ̀fẹ́ ni. Tẹ́ ẹ bá yan orílẹ̀-èdè kan níbẹ̀, gbogbo àwọn tó ti ṣe ambásẹ́dọ̀ níbẹ̀ á tò sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ohun kan, ọjọ́ tí wọ́n yan èèyàn yàtọ̀ sí ọjọ́ tó gbé ìwé àṣẹ rẹ̀ fún olórí ìlú tó lọ. Ààrẹ á dárúkọ rẹ̀, Sẹ́nétọ̀ á pè é wá bi í léèrè, wọ́n á dìbò, yóò tó wọ bàálù, yóò tún wá gbé lẹ́tà lọ sọ́dọ̀ ààrẹ tibí kó tó di ambásẹ́dọ̀ gidi lójú wa. Ṣé ẹ mọ ìyàwó tí wọ́n ti gba owó orí rẹ̀ àmọ́ tí wọn ò tíì sìn wálé, bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Oṣù bíi mélòó kan lè wà láàárín, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í kọ.

Ibi kejì tí mo fẹ́ràn jù ni àwọn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní ADST gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn diplomat tó ti fẹ̀yìn tì. Ti Pickering wà níbẹ̀, ó gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀. Ẹ kà á, ibẹ̀ lẹ ti máa rí ohun tí kò sí nínú CV. Ṣùgbọ́n ẹnu ara rẹ̀ ló fi ń sọ ọ́ o, ta lẹ rí rí tó pe ọbẹ̀ ara rẹ̀ ní ọbẹ̀ kíkan?

Ẹ tún gbọ́dọ̀ mọ irú ambásẹ́dọ̀ tó jẹ́, torí oríṣi méjì ni wọ́n. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ yìí ni wọ́n fi ṣe gbogbo ayé wọn, wọ́n ṣe ìdánwò wọlé, wọ́n ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ ààrẹ ló mọ̀ wọ́n, ọ̀rẹ́ ni, tàbí ẹni tó náwó fún ìbò, tàbí ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti rinlẹ̀ níbòmíì. Àwọn wọ̀nyí máa ń tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Pickering, oríṣi àkọ́kọ́ pọ́ńbélé. 1931 ni wọ́n bí i ní New Jersey, ó jáde ní Bowdoin College ní 1953, ó ṣe iṣẹ́ ológun ojú omi, ó wọ ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè ní 1959. Kò di ambásẹ́dọ̀ títí di 1974, ìyẹn ọdún 15 gbáko. Láàárín ìgbà yẹn ó ti ṣiṣẹ́ ní Zanzibar àti Dar es Salaam, ibẹ̀ ni Swahili ti yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Walter Carrington tí Clinton rán wá ní 1993 yàtọ̀ ní tiẹ̀, lọ́yà ni, Peace Corps, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rán àwọn olùyọ̀ǹda lọ sílẹ̀ òkèèrè, ló ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹnu rẹ̀ ò sì gbé jẹ́ẹ́ nígbà Abacha, débi pé nígbà tó fẹ́ máa lọ ní 1997, ọlọ́pàá ló wá da àpèjẹ ìdágbére tí wọ́n ṣe fún un rú. Ẹ ò rí i, ẹ ò lè fi ẹnu kan náà sọ ìtàn àwọn méjèèjì.

Tó bá kan àwọn ìlú tó ti ṣiṣẹ́, ẹ má kọ gbogbo rẹ̀ dọ́gba dọ́gba bí ẹni ń pín ìrẹsì òde. Méje ni ti Pickering: Jordan, Nàìjíríà, El Salvador, Ísírẹ́lì, àjọ UN, Íńdíà, Rọ́ṣíà. Ọdún méjì sí mẹ́ta, mẹ́rin ló máa ń lò níbi kọ̀ọ̀kan, torí náà tẹ́ ẹ bá rí ibi tí kò pẹ́, ẹ bèèrè ìdí. Íńdíà, 1992 sí 1993, kò pé ọdún kan tí Clinton fi gbé e lọ sí Rọ́ṣíà, níbi tí ààrẹ wọn, Yeltsin, ti ń bá àwọn aṣòfin rẹ̀ fà á. Ìlà kan tó fún Íńdíà. Àmọ́ UN, láti 1989 sí 1992, ẹ dúró níbẹ̀ dáadáa, torí ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ 1990 ni Iraq wọ Kuwait, nígbà tó sì di ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá wọ́n ti dìbò lórí ìpinnu 678 tó ṣílẹ̀kùn ogun, òun ni ambásẹ́dọ̀ Amẹ́ríkà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn.

Oyè wọn náà, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti rí ọmọ kan tó túmọ̀ Under Secretary sí "akọ̀wé abẹ́". Ha! Secretary lọ́dọ̀ wọn, mínísítà ni. Secretary of State ni ẹni tá à ń pè ní mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè níbí, igbákejì ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Under Secretary for Political Affairs tó sábà máa ń jẹ́ ẹnì kẹta. Ìyẹn ni Pickering ṣe láti 1997 sí 2000. Career Ambassador tẹ́ ẹ bá tún rí níwájú orúkọ rẹ̀, ipò ni, kì í ṣe ìlú tí wọ́n rán an lọ, ó dà bíi ti ọ̀gágun onírawọ̀ mẹ́rin nínú àwọn sójà, díẹ̀ ló ń dé ibẹ̀.

Ní báyìí, ibi tó gbóná jù. Tẹ́ ẹ bá dárúkọ Pickering níwájú Yorùbá tó ti lé lógójì ọdún, ẹnì kan á sọ̀rọ̀ tíì, ìyẹn tíì tí àwọn kan ń sọ pé Abíọ́lá mu kó tó kú. Kò sí bí ẹ ṣe lè fo ọjọ́ 7 oṣù Keje 1998. Abacha kú lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹfà, Abdulsalami gbà á, Pickering àti Susan Rice, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ Áfíríkà nílé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà nígbà náà, wá sí Àbújá, wọ́n jókòó pẹ̀lú MKO Abíọ́lá tó ti wà látìmọ́lé láti 1994, àárín ìjókòó yẹn ni ara rẹ̀ ti yí padà, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ó kú lọ́jọ́ náà. Àwọn dókítà tó ń yẹ òkú wò wá láti Amẹ́ríkà, Kánádà àti ìlú ọba, wọ́n ní àìsàn ọkàn ni. Ọ̀pọ̀ ló wà tí kò gbà títí dòní, ní mítìn wa pàápàá.

Báwo lẹ ṣe máa kọ ìyẹn? Ohun tí mò ń ṣe rèé. Mo máa ń mú báírò pupa, mo máa ń fi fa ìlà sábẹ́ gbogbo "wọ́n ní" tó wà nínú ohun tí mo kọ. Èdè wa dùn, ṣùgbọ́n "wọ́n" yìí lè fi èèyàn pamọ́ bí agbádá. Wọ́n ní, ta ni? Tó bá jẹ́ dókítà, mo kọ dókítà. Tó bá jẹ́ Rice fúnra rẹ̀, mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ àwọn ará àdúgbò ní Mushin, mo kọ pé ará àdúgbò ni, kí n má bàa fi ọ̀rọ̀ ẹnu ìta ṣe ẹ̀rí. Èyí tí mi ò bá rí ẹni tó ni ín, mo pa á rẹ́. Nínú ìwé ojú ewé méjì tí mo kọ, "wọ́n ní" mọ́kànlá ni mo kà, mẹ́rin ló kù nígbà tí mo ṣe tán. Ẹ̀gbọ́n kan tí inú ń bí sí ọ̀rọ̀ yẹn wá bá mi lẹ́yìn mítìn, wọ́n ní (ẹ̀gbọ́n ni "wọ́n" yìí o) àwọn ò gbà pẹ̀lú dókítà, àmọ́ àwọn mọ̀ pé mi ò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ẹ yára kọjá: Boeing, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bàálù, láti 2001, lẹ́yìn náà ó ṣe alága ìgbìmọ̀ tó wádìí ìkọlù Benghazi ní Libya ti 2012 tí ambásẹ́dọ̀ Chris Stevens kú sí. Owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ kan tún wà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, fún àwọn tó fẹ́ wọṣẹ́ diplomat, ọmọ Amẹ́ríkà nìkan ló wà fún. Ẹni bá ní kẹ́ ẹ mú owó fọ́ọ̀mù rẹ̀ wá fún ọmọ yín ní Gwarinpa, olè ni, ẹ sá fún un.

Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ kà á sókè fún ẹni tó dàgbà jù ní àdúgbò kẹ́ ẹ tó gbé e dé ìta. Èmi, ọ̀dọ̀ bàbá awakọ̀ yẹn ni mo máa ń lọ báyìí, ìrọ̀lẹ́ Sátidé, pẹ̀lú ẹ̀pà àti gúgúrú, wọ́n á gbé dígí wọn wọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mò ń kàwé. Carrington ló kàn lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti fa ìlà sí bébà.