Sẹ́ńsọ̀ Ò Kú: Bí Mo Ṣe Wá Ìdí Iná Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Mi

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni iná ẹ́ńjìnnì fi tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù mi. Mẹkáníìkì wa ní Ṣómólú fi síkánà sí i, P0420 ló jáde, ìyẹn kóòdù tó ń sọ pé kátálísì inú sálẹ́ńsà ò ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ.

"Àǹtí, sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn méjèèjì ti kú. Ẹ jẹ́ ká lọ ra méjèèjì ní Làdípọ̀."

Nígbà tó rí i pé owó ń dùn mí, ó ní ká kúkú gé kátálísì dànù, pé òun mọ ẹni tó máa rà á. Mi ò gbà. Kátálísì yẹn ló ń pa oró inú èéfín, àwa àtàwọn ọmọ wa la sì ń fa èéfín yẹn símú nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Ìkòròdú.

Mo yá síkánà kékeré tó ń lo fóònù, mo tì í bọ ihò abẹ́ sítíárì, mo wakọ̀ dé Yábàá kí sálẹ́ńsà lè gbóná dáadáa, torí sẹ́ńsọ̀ tútù kì í sọ òótọ́.

Sẹ́ńsọ̀ iwájú kátálísì ló ń wo ọ́síjìn tó ṣẹ́kù sínú èéfín. Bí ọ́síjìn bá pọ̀, fólítì rẹ̀ á wálẹ̀ sí bíi 0.1, bí epo bá pọ̀ jù, á gun bíi 0.9. Ọpọlọ ọkọ̀ ń tipa bẹ́ẹ̀ dín epo kù tàbí bù kún un, nítorí náà fólítì sẹ́ńsọ̀ iwájú gbọ́dọ̀ máa lọ sókè sódò. Tẹ̀yìn ní tirẹ̀, jẹ́ẹ́ ló yẹ kó wà bí kátálísì bá ń ṣiṣẹ́. Tèmi ń jó bíi tiwájú! Àmọ́ bí mo bá tẹ tọ́tù lójú ọ̀nà, ó ń fara balẹ̀. Ìgbà tí mo bá dúró nínú gosiló ló ń já wálẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti sọ pé afẹ́fẹ́ ìta, tó ní ọ́síjìn nínú, ló ń wọnú sálẹ́ńsà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ọmọṣẹ́ kan fi àkísà tútù dí ẹnu sálẹ́ńsà díẹ̀, èmi sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì pa omi ọṣẹ sí àwọn oríkèé rẹ̀. Oríkèé tó wà láàárín kátálísì àti sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn hó yaya, èédú dúdú sì yí i ká. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí oríkèé náà ló ti jẹ. A pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú bóòtù méjì tó ti dípẹtà.

Mo pa kóòdù rẹ́, mo wakọ̀ lọ sí Sùúrùlérè, mo padà. Sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn dúró ní bíi 0.7, iná ò sì tàn mọ́. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, mẹkáníìkì gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń wo ìlà sẹ́ńsọ̀ méjèèjì lójú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.