Bí ẹ ṣe lè fi ewé àti òróró eucalyptus mí dáadáa nígbà tí ọ̀fìnkìn bá dí yín nímú

Ọyẹ́ ti dé, imú ti ń dí, àwọn èèyàn sì ti ń tò síwájú káńtà mi ní Mọ́kọ́lá. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè mí, bẹ́ẹ̀ n kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Kẹ́mísì ni mo ní, oògùn ni mo ń tà. "Àǹtí, ṣé ẹ ní nǹkan tó lè là mí nímú?" Mo ní in. Ìgò kékeré òróró eucalyptus wà lórí pẹpẹ, ó sì ń tà wàràwàrà. Bí ẹni tó rà á ṣe máa lò ó ló ń kó mi lọ́kàn sókè.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tó ń ṣe, kí ẹnikẹ́ni má bàa wá bá mi jà. Kì í pa kòkòrò ọ̀fìnkìn. Ọ̀fìnkìn máa lo ìwọ̀n ọjọ́ tó bá fẹ́ lò kó tó lọ. Cineole ni wọ́n ń pe ohun tó ń ta imú nínú òróró náà. Bí ẹ bá fà á símú, inú imú á tutù, ọpọlọ á sì gbà pé atẹ́gùn ti ń wọlé fàlàlà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ihò imú kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Menthol inú Robb náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ooru omi ní tiẹ̀ ló ń rọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ti gan. Nítorí náà ìtura lẹ ń rà lọ́wọ́ mi. Ẹni tí kò rí oorun sùn láti àná mọ iyì rẹ̀. Lọ́dún 2020 tí kòrónà gbòde, gbogbo ilé ló ń gbé ìkòkò ewé kaná, àwọn kan sì rò pé ooru yẹn ló ń pa á. Kò pa á.

Ẹni tó bá rí ewé rẹ̀ já kò nílò ìgò. Ọsirélíà ni igi náà ti wá. Wọ́n ti gbìn ín káàkiri Nàìjíríà, Òkè Ọya ló sì pọ̀ sí jù. Ewé igi tó ti dàgbà máa ń gùn, ó tínrín, ó tẹ̀ bíi dòjé, ńṣe ló máa ń rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ fọ́ ọ̀kan lọ́wọ́ kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ta yín nímú, tó sì tutù, òun ni. Bó bá jẹ́ òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń tú jáde, oríṣi mìíràn ni, èyí tí wọ́n ń pè ní citriodora. Ẹ fi ìyẹn lé ẹ̀fọn.

Ẹ̀kúnwọ́ kan tó. Ẹ fọ eruku rẹ̀ dànù, ẹ ya á wẹ́wẹ́, ẹ sè é nínú ìkòkò tí ẹ dé pa. Ẹ má ṣí i wò ní gbogbo ìgbà, torí pé òróró ewé ń bá ooru fò lọ ni. Bí ilé ìdáná bá ti ń ta sánsán, ohun tí ẹ fẹ́ fà símú ti bá ojú fèrèsé lọ nìyẹn. Bó bá ti hó fún ìṣẹ́jú 5, ẹ pa iná.

Ibí yìí ni ìjàǹbá ti ń ṣẹlẹ̀. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń bora nídìí àgbo: ìkòkò láàárín ẹsẹ̀, ìbora nílá lórí, ẹni náà jókòó lórí àpótí, ó ń làágùn yọ̀bọ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ṣèèṣì kọ ìkòkò, orí itan ni omi híhó ń dà sí. Ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ da omi náà sínú abọ́ tó fẹ̀ nídìí, kí ẹ gbé abọ́ ọ̀hún sínú báàfù lórí tábìlì tí kì í mì. Bó bá máa dànù, báàfù á gbà á. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kó rọlẹ̀. Ẹ wá jókòó sórí àga, ẹ tẹ orí síwájú, kí ojú yín jìnnà sí omi tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ẹ dijú, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì fẹ́lẹ́ bo orí. Ẹ máa fi imú fà á, ẹ máa fi ẹnu mí síta, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìṣẹ́jú 5 sí 10 ti tó. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ ṣí táwẹ́ẹ̀lì kúrò. Lẹ́yìn náà ẹ fun imú, ihò kan lẹ́yìn èkejì. Alẹ́, kí ẹ tó wọlé sùn, ló dára jù. Tọmọdé kò sí nínú èyí o. Omi gbígbóná àti ọmọ kì í gbé ibì kan náà.

Bó bá jẹ́ tinú ìgò, ẹ̀kán 2 tàbí 3 nínú abọ́ omi gbígbóná, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé a fẹ́ kí oògùn le kó tó jẹ́ oògùn. Bàbá àgbàlagbà kan da ìdajì ìgò sí i, ojú rẹ̀ pọ́n kuku, ó ń wúkọ́, ó sì padà wá bá mi pé ayédèrú ni mo tà fún òun. "Bàbá, ẹ̀kán ni mo wí, ẹ bá dà á bí ẹni da epo sọ́bẹ̀." Ẹ má kán an sí omi tó ṣì wà lórí iná, òróró yìí ń gbiná. Ẹni tó ń lọ ibi iṣẹ́ lè kán ẹyọ kan sórí háńkáṣíìfù, kó ká a sápò, kó máa fà á símú nínú dánfó. Tí ẹ bá fẹ́ fi para, ẹ̀kán 6 nínú ṣíbí ńlá kan òróró àgbọn, àyà àti ẹ̀yìn nìkan. Ẹ má kì í bọ ihò imú, ẹ sì fọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ojú.

Ó wá ku tàwọn ìkókó, ibi tí èmi àti àwọn ìyá àgbà ti máa ń fa ọ̀rọ̀. Màmá kan gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá, ọmọ náà kò tíì pé oṣù 3, imú rẹ̀ ń dún hùnrùn. Robb ló fẹ́ rà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fi Robb kan ọmọ yìí."

"Òun náà la fi pa ìyá rẹ̀ lára. Ṣé ó kú ni?"

Kò kú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló jogún ẹ̀jẹ̀ tí ohun tí wọ́n ń pè ní G6PD, ìyẹn èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, kò tó nínú rẹ̀. Bí menthol tàbí kánfọ̀ bá kan irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ṣì kéré, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa fọ́, ojú rẹ̀ á di òféèfèé yẹ́lò, ó sì lè dé ọpọlọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó di mínísítà ètò ìlera nígbà tó yá, wà lára àwọn tó kọ̀wé lórí menthol àtàwọn ọmọ yìí lọ́dún 1980, kì í ṣe èmi ni mo dá a sílẹ̀. Kánfọ̀ róbótó tí ẹ ń kó sáàárín aṣọ ìkókó náà ńkọ́? Ẹ kó o kúrò. Láìka ti ẹ̀jẹ̀ sí, ohun tó bá ń ta sánsán nímú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 lè dí i léèémí. Omi iyọ̀ ìkánmú ni mo tà fún Màmá: ẹ̀kán kan ní ihò kọ̀ọ̀kan kí ọmọ tó mu ọyàn. Ó gbà á, ó sì ń kùn lọ.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu òróró yìí, ì báà jẹ́ nínú tíì. Ṣíbí ìpotíì kan péré lè mú kí gìrì gbé ọmọdé. Bí ọmọ bá gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fipá mú un bì. Ẹ gbé òun àti ìgò náà lọ sílé ìwòsàn. Ẹni tó ní ásímà kó rọra, òórùn tó le lè dá a sílẹ̀. Ìnhélà tí dókítà fún un ni kó lò. Bí èémí bá ń yára, tí ẹ̀gbẹ́ ń wọnú, tí ètè ń dúdú, ewé kò kan ọ̀rọ̀ mọ́. Ikọ́ tó bá sì ti tó ọ̀sẹ̀ 2, ẹ lọ yẹ ikọ́ àwúgbẹ wò. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba.

Tí ẹ bá ń rà á, ẹ wo ara ìgò bóyá wọ́n kọ Eucalyptus globulus àti nọ́ńbà NAFDAC síbẹ̀, kí ìgò jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ẹ kán ẹyọ kan sórí bébà funfun kí ẹ fi í sílẹ̀. Ojúlówó á fò lọ, bébà á fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ padà. Èyí tí wọ́n fi òróró ọbẹ̀ là á fi àbàwọ́n sílẹ̀ gbàgede. Ẹ dé ìgò rẹ̀ pa dáadáa, kí ẹ gbé e sókè níbi tọ́wọ́ ọmọ kò ní tó.